Iná Pupa Nínú Ilé Obì

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe ní gbogbo Ṣàgámù tí ẹlòmíì nílé wa ò mọ̀, òun náà ló sì so mí mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá. Àgbò tiẹ̀ sàn. Wọ́n máa ń já koríko wá fún un.

Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdírì, èsì mi ò dáa tó kí màmá mi jó, kò sì burú tó kí wọ́n sunkún. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì ń bá ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ yunifásítì. Èmi wọ Sábó.

Sábó ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ta obì. Àlájì ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n, èmi ń pè wọ́n ní Bàbá. Ilé obì wọn jẹ́ yàrá méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Yàrá iwájú ni ìyá wọn, ìyẹn Ìyá Àgbà wa, máa ń jókòó sí láti ṣa obì, wọ́n á yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sápá kan. Yàrá ẹ̀yìn ni àwọn apẹ̀rẹ̀ wà, wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn dé òkè, wọ́n sì fi ewé tutù tẹ́ inú wọn. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn irin iwájú, òkùnkùn á bò ẹ́ bí ẹni tó kó sínú àpò.

Obì le láti tọ́jú. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, á rọ. Tí ooru bá pọ̀ jù fún un, á rà. Tí o bá sì gbàgbé rẹ̀, kòkòrò ò ní gbàgbé. Bí ọkọ àǹtí mi kan ṣe ṣòro láti tọ́jú gan-an nìyẹn. Ní òjò tó kọjá, obì gbóná láàárín apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ títí tó fi ń rùn. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n jókòó sórí àpò. Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n gbà lọ.

Ẹnjiníà yìí ló kó àwọn ẹ̀rọ wá. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò ju páálí ìṣáná lọ, kò ní wáyà. Mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ àárín apẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ bí ooru àti omi inú obì ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ kan tó tóbi díẹ̀ wà lórí àpótí ní yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Bàbá. Èmi ni mo sọ àwọn kékeré ní ọmọ, mo sọ ńlá ní ìyá. Ẹnjiníà ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kí ó tó di pé wọ́n lọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn náà ti ń sọ pé, "Ọmọ wo ni ò dáhùn?"

Níbẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan, bíi ti aago ọwọ́, ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Tí ọmọ bá pariwo, ìyá á gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bátìrì á tètè tán. Tó bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bátìrì á pẹ́, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ obì tutù kan báyìí tí wọ́n bá gbé sáàárín ti tó láti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọwọ́ ni a fi ń yan bí ẹ̀rọ á ṣe pariwo tó. Gbogbo ìgbà tí àwọn alágbàṣe bá yí apẹ̀rẹ̀ padà, ọmọ kan á dákẹ́, Bàbá á sì ké láti ìta:

"Níbo ni olóyè iná wà?"

Olóyè iná, èmi nìyẹn, nítorí iná bátìrì tí mò ń ṣọ́. Mo máa gun apẹ̀rẹ̀, màá ki ọwọ́ bọ obì, màá yí ohùn ọmọ sókè. Tí wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, màá tún gun òkè lọ yí i wálẹ̀. Mi ò lè lọ Ìsarà kí ẹ̀gbọ́n màmá mi. Mi ò lè bá àwọn ọ̀rẹ́ mi gbá bọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ò dun bọ́ọ̀lù náà. Bí mo bá wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn pé ọmọ kan ti dákẹ́. Mo ń rò ó pé èmi tí mo gba márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nínú físíìsì ni wọ́n ò lè ṣe láìsí.

Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ rí i pé mo ti ń rù. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá, wọ́n fi ètò tuntun sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kò sídìí kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ yan ohùn mọ́. Tí ọmọ bá sọ̀rọ̀, ìyá á dáhùn pé òun gbọ́, á sì sọ bí òun ṣe gbọ́ ọ tó. Tó bá gbọ́ ọ ketekete, ọmọ á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Tí ìyá ò bá dáhùn, ọmọ á tún ọ̀rọ̀ náà sọ, á gbé ohùn sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìyá á fi gbọ́. Iná bíńtín kan wà lára rẹ̀: tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ pupa, ohùn rẹ̀ ti dé góńgó.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni Ẹnjiníà wí nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. "Kò nílò olóyè kankan mọ́. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìbàdàn ní Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ kọ́ṣẹ́."

Bàbá wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ẹ̀rọ, bí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan nínú wa.

"Kí ló dé tí bátìrì fi ń tán láàárín ọjọ́ mélòó kan nígbà náà?"

Lóòótọ́ ni. Láti ìgbà tí ètò tuntun ti wọlé, bátìrì ń kú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnjiníà yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Iná gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ ewé. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tán, àwọ̀ ewé ni. Wọ́n họ orí.

"Ó yẹ kó pẹ́," ni wọ́n wí.

"Yíyẹ ò kan obì," ni Bàbá fèsì. "Ó dáa. Mo máa fi bátìrì tuntun sí gbogbo wọn lónìí, èmi fúnra mi. Kí ọmọ yìí má fọwọ́ kàn wọ́n títí di Sọ́ńdè. Tí gbogbo wọn bá ṣì ń sọ̀rọ̀, kó máa bá yín lọ. Tí ẹyọ kan bá kú, á jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ò tíì lè dá gbé, kó jókòó tì í."

Ìyá Àgbà ń ṣa obì lọ ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ẹ ò bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ, mà!" Mo pariwo débi pé Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ká ní èmi náà ní iná, ì bá ti pupa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, mi ò sì lè ṣe nǹkan míì, torí kò sí ohun míì tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí. Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdè, Bàbá na fóònù wọn sí mi: bátìrì ọmọ méjì ti lọ sílẹ̀. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín bí bàbá tó mọ̀ pé ọmọ òun ò lọ síbì kankan.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, mo ra bátìrì méjì, mo fi sápò. Èrò mi ni pé tí gbogbo ilé bá ń múra mọ́ṣáláṣí, màá yọ́ wọlé, màá pààrọ̀ ti àwọn ọmọ méjì tó ń kú lọ, màá sì bá wọn dé mọ́ṣáláṣí kí ìmáámù tó gorí mínbárì. Bí mo ṣe rò ó, ó dà bí èrò ọlọ́gbọ́n. Gbogbo èrò mi ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gba àárín apẹ̀rẹ̀ kọjá dé ògiri. Ọmọ àkọ́kọ́ ni mò ń wá nínú obì nígbà tí mo gbọ́ pé Ìyá Àgbà ń rìn kiri ní yàrá iwájú. Irin ró kọ̀ǹ. Bàtà wọn wọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ńlá dún gbàà, àgádágodo dún kọ́, ojú mi sì ṣókùnkùn.

Ó yẹ kí n ké. Mo ké lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn tí mo fi ké, eku ò lè gbọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin mà," mo wí wúyẹ́wúyẹ́. Kò sí ìdáhùn. Mo gbé e sókè díẹ̀. "Ìyá Àgbà!" Kò sí ìdáhùn. Nígbà tí mo fi máa pinnu pé ó sàn kí ojú tì mí, pé kí n ké bí ẹni tí ilé ń wó lé lórí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ti bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Ìmáámù ń kìlọ̀ fún àwọn tí kì í wá sí Jímọ̀. Gbogbo Sábó ń gbọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mi.

Fóònù mi wà níta, mo fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bá mi gba iná sí i. Mo gbìyànjú láti jáde láàárín apẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò mi há sára igi apẹ̀rẹ̀ kan. Mo fà á. Apẹ̀rẹ̀ òkè mì. Mo dúró jẹ́ẹ́. Òórùn ewé tutù àti obì kún imú mi. Òógùn bò mí, mo sì ronú pé tí mo bá kú síbí, inú apẹ̀rẹ̀ tí obì ti ń gbóná ni wọ́n á ti bá mi, fóònù Bàbá á sì kàn sọ pé ooru pọ̀ díẹ̀ lápá ògiri.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí iná pupa àkọ́kọ́.

Ó ṣẹ́jú láàárín ewé, ó kú. Ó tún ṣẹ́jú. Òmíràn ṣẹ́jú lókè. Òmíràn lápá ọ̀tún. Kí ìmáámù tó parí ọ̀rọ̀ kan lórí àánú, gbogbo ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti pupa, wọ́n ń ṣẹ́jú kíákíá, bí ojú eku nínú òkùnkùn. Gbogbo wọn ń ké pe ìyá wọn, ìyá ò dáhùn. Èmi náà ń pe Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ò dáhùn. A jọ wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́sàn-án.

Wọn ò gbé apẹ̀rẹ̀ kankan sípò míì. Kò sẹ́ni tó wọlé. Kí ló wá ṣe ìyá wọn?

Mo fa ṣòkòtò mi já, mo sì gbọ́ ibi tó ti ya. Mo fọwọ́ tẹ ògiri títí mo fi dé yàrá iwájú. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo wo orí àpótí, mi ò rí ẹ̀rọ. Abọ́ irin ńlá kan ló dojú dé níbẹ̀, òkúta sì wà lórí rẹ̀.

Mo mọ abọ́ náà. Òun ni Ìyá Àgbà fi ń dé àwọn obì tó dáa jù, àwọn tí wọ́n fi ń han oníbàárà, tí wọ́n bá fẹ́ dìde lọ síbì kan, kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí wọn. Gbogbo àwọn tó ń ta obì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá níye lórí, wọ́n á dé e. Ìyá Àgbà gbọ́ pé ẹ̀rọ yìí níye lórí. Wọ́n dé e. Tí wọ́n bá ń lọ kírun Ayílà, wọ́n á dé e. Tí wọ́n bá ń lọ kírun Alásárì, wọ́n á dé e. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́, wọ́n á dé e di àárọ̀. Tí wọ́n bá sì padà jókòó, wọ́n á ṣí i, nítorí ìyá kì í dé ojú ọmọ rẹ̀ tó bá wà ńdìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí Ẹnjiníà jókòó tì í.

Mo gbé òkúta kúrò, mo ṣí abọ́, mo sáré padà sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi eékún gba bẹ́ǹṣì. Iná pupa kan di àwọ̀ ewé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ohùn wọn ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé lé ẹ̀yìn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ nínú òkùnkùn, mo di eékún mi mú, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Mo ti mọ ohun tó ń pa bátìrì, mo sì wà láàárín àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn, bátìrì méjì wà nínú àpò mi, ìdí ṣòkòtò mi ti ya.

Àgádágodo dún kọ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ìyá Àgbà rí ènìyàn.

"Olè! Ẹ gbà mí o! Olè wà nínú obì!"

"Èmi ni, mà!"

"Ìwọ ta ni? Olè náà máa ń sọ pé òun ni!"

Bàbá sáré wọlé, wọ́n ti di bàtà kan mú lókè. Nígbà tí wọ́n rí mi, ọwọ́ wọn rọ̀. Wọ́n wo ìdí ṣòkòtò mi. Wọ́n na ọwọ́ sí àpò mi tí mo fọwọ́ bò, wọ́n yọ bátìrì jáde.

"Olóyè," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. Èyí tí wọ́n bá sọ jẹ́ẹ́ ló máa ń burú jù. "Àdéhùn wa ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi: abọ́ Ìyá Àgbà ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú Bàbá, kí n ní ìyá wọn ló bà á jẹ́? Ìyá Àgbà ló gbà mí sílẹ̀, láìmọ̀.

"Ta ló ṣí abọ́ mi?"

"Abọ́ wo?" ni Bàbá bèèrè.

"Èyí tí mo fi dé ẹ̀rọ. Atẹ́gùn ń fẹ́."

Bàbá yíjú sí mi. Mo kojú sí Ìyá Àgbà, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ dé ibi tó lè lọ sílẹ̀ dé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn díẹ̀, kí ẹ wá wo nǹkan kan."

A ti ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró nínú òkùnkùn. Mo dé abọ́ náà, a sì dúró. Pupa kan, pupa méjì, títí gbogbo ilé fi ń ṣẹ́jú. Ìyá Àgbà di apá mi mú. Mo ṣí i, ó sì di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń sunkún ni?" ni wọ́n bèèrè.

"Wọ́n rò pé ìyá wọn ò sí ńlé, mà. Gbogbo agbára bátìrì ni wọ́n fi ń pè é."

Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n dé e. Wọ́n ṣí i. Wọ́n tún dé e. Wọ́n ṣe é títí Bàbá fi ní, "Màmi, ó tó, ẹ̀ ń jẹ bátìrì."

Lẹ́yìn náà, Bàbá nawọ́ sí mi. "Ó ṣì fọwọ́ kàn án. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Àdéhùn ni àdéhùn."

"Èmi náà fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Àgbà wí. "Lójoojúmọ́. Ṣé èmi náà ò ní lọ Ìbàdàn ni?"

Bàbá ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ta obì. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rín ta ọjà fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n fi bátìrì tuntun sí gbogbo wọn, káwọn wò ó di Sọ́ńdè, èmi ò sì gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ǹṣì. Ìyá Àgbà bi mí pé kí làwọn máa fi dé e, nítorí àwọn ò lè fi nǹkan olówó sílẹ̀ gbayawu fún atẹ́gùn. Mo ní kí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ kékeré tó ti gbẹ dé e. A gbìyànjú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni.

Ọjọ́ méjì yẹn, bẹ́ǹṣì mọ ìdí mi ju bí màmá mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mò ń wo Ìyá Àgbà tí wọ́n bá dìde. Tí ọwọ́ wọn bá sún mọ́ abọ́ irin, màá wúkọ́. Wọ́n á rí mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá mú apẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Bàbá na fóònù sí mi, kò sí bátìrì tó lọ sílẹ̀.

"Máa lọ," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wọn máa wọ fóònù tìẹ náà. Mi ò lè máa wo nǹkan yìí lémi nìkan."

Mo mọ̀ pé okùn àgbò náà nìyẹn. Wọ́n kàn mú un gùn sí i ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ìbàdàn ni mo wà báyìí, mò ń jó ọwọ́ mi lára irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, Ẹnjiníà sì ti ń wò mí bí ẹni tó ra ọjà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Tí mo bá ń jẹun, obì Sábó ń sọ̀rọ̀ lápò mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọmọbìnrin ló ń pè mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo yẹ fóònù wò. Gbogbo ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ti gbé ohùn dé góńgó, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Mo pe Ìyá Àgbà.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé kì í ṣe abọ́ irin lẹ fi dé e?"

"Atẹ́gùn ń fẹ́," ni wọ́n wí.

"Apẹ̀rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ó wà níbẹ̀. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Wọ́n ní kí ni mo jẹ. Wọ́n ní ẹ̀bà Ìbàdàn ò le tó. Wọ́n ní ṣé mo ti rán ṣòkòtò yẹn. A sọ̀rọ̀ títí oníbàárà kan fi dé bá wọn.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tún pariwo. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, mo sì pe Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bàbá ń ráhùn pé bátìrì ń yára tán díẹ̀, pé kí n wá ohun tó fà á. Mo ní mò ń wá a. Ní gbogbo Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, mo máa ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá gbé fóònù lé orúnkún, màá máa dúró de ìgbà tí wọ́n máa pupa.